Ọ̀kan ló dín: nọ́mbà àìṣeépín tó tóbi jù lọ tí aráyé tíì rí

Ẹni tó bá ń ta ayò mọ̀ pé ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta ló ń wà lójú ọpọ́n: ilé méjìlá, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin. Kí ọ̀kan ṣèèṣì yí bọ́ sábẹ́ àga, wàhálà dé. Mẹ́tàdínláàádọ́ta tó kù kò ní kárí ilé méjìlá mọ́. Ẹ pín in fún ẹni méjì, ọ̀kan á ṣẹ́ kù. Ẹ pín in fún ẹni mẹ́ta, méjì á ṣẹ́ kù. Ẹni márùn-ún, ẹni méje, ẹni mọ́kànlá, kò sí èyí tí yóò kárí wọn dọ́gba. Àfi kí ẹnì kan kó gbogbo rẹ̀, tàbí kí ẹni mẹ́tàdínláàádọ́ta mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Nọ́mbà tó bá lórí kunkun báyìí ni àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní prime number. Nọ́mbà àìṣeépín ni mo máa pè é níbí. 2, 3, 5, 7, 11 àti 13 wà lára wọn. 9 kò sí níbẹ̀, nítorí ẹni mẹ́ta lè pín in ní mẹ́ta-mẹ́ta kí ó sì kárí.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni ìkéde jáde pé wọ́n ti rí èyí tó tóbi jù lọ nínú gbogbo èyí tí ọmọ ènìyàn tíì mọ̀. Luke Durant ló rí i, ẹni ọdún 36 nígbà náà, tó ń gbé ní San Jose ní ìpínlẹ̀ California, tó sì ti ṣiṣẹ́ rí ní iléeṣẹ́ NVIDIA. Díjíìtì 41,024,320 ló wà nínú nọ́mbà náà. Tí ẹ bá ń ka díjíìtì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láìsùn, láìjẹun, láìgbé omi sẹ́nu, ó máa gbà yín ju ọjọ́ 474 lọ kí ẹ tó kà á tán. 88 ló fi bẹ̀rẹ̀, 51 ló fi parí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí oríṣiríṣi àlàyé lórí fóònù. Àwọn kan ní òun ló ń ṣọ́ owó wa ní báǹkì. Àwọn mìíràn ní òun ni àwọn oníjìbìtì máa fi ṣí ilẹ̀kùn báǹkì náà. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì, ó sì ń dùn mí, nítorí òótọ́ tó wà nídìí nọ́mbà yìí dùn ju irọ́ wọ̀nyẹn lọ fíìfíì.

Ìlọ́po méjì, ó dín kan

Bí nọ́mbà náà ṣe gùn tó yẹn, a lè kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́: 2¹³⁶²⁷⁹⁸⁴¹ − 1. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. Ẹ mú 1, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ tún sọ èyí tó jáde di ìlọ́po méjì: 2, 4, 8, 16, 32. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi ṣe é nígbà 136,279,841. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ẹyọ kan kúrò. Ó parí.

Nínú èyí nìkan, ọmọ JSS tó ní bírò àti ìwé lè mọ díjíìtì tó kẹ́yìn láìrí kọ̀ǹpútà. Àwọn ìlọ́po méjì ń parí pẹ̀lú 2, 4, 8, 6, wọn á tún yí padà sí 2, 4, 8, 6, títí láé. Tí a bá fi 4 pín 136,279,841, ọ̀kan ló ń ṣẹ́ kù, ìyẹn ni pé orí 2 ni ìyípo náà dúró. Yọ ọ̀kan, ó ku 1. Díjíìtì mílíọ̀nù mọ́kànlélógójì, ẹnì kan lórí ẹní sì lè sọ èyí tó wà níparí rẹ̀ láìṣì í.

Kò yẹ kí irú nọ́mbà tó “dín kan” yìí ṣàjèjì sí ẹni tó ń fi Yorùbá kà. Mọ́kàndínlógún la máa ń sọ: ogún tó dín ọ̀kan. Mẹ́tàdínláàádọ́ta tí mo kọ lókè yẹn, àádọ́ta ló dín mẹ́ta. Àwọn baba wa máa ń wo ibi tí òǹkà ń lọ, wọn á sọ iye tó kù kó débẹ̀. Ohun kan náà ló wà níbí: ìlọ́po méjì kan tó ga fíofío, ọ̀kan ló sì dín kó pé. Nínú èdè tí kọ̀ǹpútà fi ń kà, èyí tó jẹ́ 0 àti 1 nìkan, nọ́mbà yìí jẹ́ 1 tí a tò tẹ̀léra nígbà 136,279,841, láìsí òdo kankan láàárín wọn.

Àmọ́ dídín kan kò tó láti di àìṣeépín. 3, 7 àti 31 jẹ́ bẹ́ẹ̀, 15 kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe pàtàkì ni pé iye ìgbà tí a ṣe ìlọ́po gbọ́dọ̀ jẹ́ àìṣeépín fúnra rẹ̀. Tí a bá ṣe é nígbà 6, a ó rí 63, tó jẹ́ 7 lọ́nà 9. 6 ṣeé pín, ọmọ rẹ̀ náà ṣeé pín. Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀ o. 11 jẹ́ àìṣeépín, síbẹ̀ ìlọ́po méjì nígbà 11 tó dín kan jẹ́ 2,047, tó jẹ́ 23 lọ́nà 89. Ẹ wo 23 àti 89 yẹn dáadáa: tí ẹ bá fi 22 pín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọ̀kan ló ń ṣẹ́ kù. 22 sì ni ìlọ́po méjì 11. Kì í ṣe kòńgẹ́ o, òfin ni. Èyíkéyìí tó bá máa pín nọ́mbà tuntun yìí gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ọ̀kan kù tí a bá fi 272,559,682 pín in. Òfin yìí ló ń jẹ́ kí àwọn tó ń wá wọn tètè da púpọ̀ nù láìfi àkókò ṣòfò.

Àlùfáà tó ṣe àkójọ

Orúkọ ọkùnrin kan tó jẹ́ ẹni ìsìn Kátólíìkì ní ilẹ̀ Faransé, Marin Mersenne, ni wọ́n fi ń pe irú nọ́mbà wọ̀nyí. Ní ọdún 1644, ó tẹ àkójọ kan jáde. Ó ní láti orí 2 títí dé 257, iye ìgbà tí ìlọ́po tó dín kan máa ń bí nọ́mbà àìṣeépín ni 2, 3, 5, 7, 13, 17, 19, 31, 67, 127 àti 257. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́jọ́. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn fi yẹ àkójọ náà wò tán, tó gba nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́ta, wọ́n rí i pé 67 àti 257 kò yẹ kó wà níbẹ̀, ó sì gbójú fo 61, 89 àti 107. Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ló dúró, n kò sì rò pé ó burú: ẹni tó dá ìbéèrè sílẹ̀ tí ayé fi ń wá ìdáhùn fún 300 ọdún ṣiṣẹ́.

Lórí 67 yẹn ni ìtàn kan ti wáyé tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ní ọdún 1876, Édouard Lucas, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ti fi hàn pé nọ́mbà náà ṣeé pín, àmọ́ ọ̀nà tó gbà kò sọ ohun tó pín in. Ó jọ kí ènìyàn mọ̀ dájú pé olè wọlé láìmọ olè. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1903, Frank Nelson Cole dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò Amẹ́ríkà. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó kọjú sí pátákó, ó ṣe ìlọ́po méjì nígbà 67, ó yọ ọ̀kan: 147,573,952,589,676,412,927. Ó sún sí apá kejì pátákó, ó kọ 193,707,721 lọ́nà 761,838,257,287, ó ń ṣe é ní ìlà dé ìlà. Iye kan náà ló jáde. Ó padà lọ jókòó, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Bí a ṣe mọ̀ láìpín in

Lucas kan náà ló fún wa ní ọ̀nà tí a ṣì ń lò dòní, Derrick Lehmer wá tún un ṣe ní àwọn ọdún 1930. Ẹ jẹ́ ká fi 31 dán an wò, nítorí ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan kò ní bẹ̀rù rẹ̀ mọ́.

Orí 4 la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi nọ́mbà tó wà lọ́wọ́ yín sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ yọ 2, ẹ fi 31 pín in, kí ẹ mú kìkì ohun tó ṣẹ́ kù. 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, yọ 2, ó ku 14. 14 lọ́nà 14 jẹ́ 196, yọ 2, ó ku 194. 31 wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, 8 ṣẹ́ kù. 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64, yọ 2, ó ku 62, èyí tó jẹ́ 31 méjì gééré. Kò sí ìṣẹ́kù. Nítorí pé ìlọ́po márùn-ún ló bí 31, ẹ̀ẹ̀mẹta la gbọ́dọ̀ ṣe é, méjì dín sí márùn-ún. Tó bá jẹ́ òdo ló kù ní ìgbà ìkẹyìn, nọ́mbà náà jẹ́ àìṣeépín, kò sí àní-àní. Tí kò bá jẹ́ òdo, ó ṣeé pín. A kò tilẹ̀ dán ẹyọ nọ́mbà kan wò bóyá ó lè pín 31.

Lucas lo irú ọ̀nà yìí ní ọdún 1876 láti fi ìdí 2¹²⁷ − 1 múlẹ̀. Díjíìtì 39 ló ní, òun ló sì wà lókè gbogbo nọ́mbà àìṣeépín tí a mọ̀ fún ọdún 75.

Fún nọ́mbà Durant, ìgbésẹ̀ yìí máa wáyé nígbà 136,279,839. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nọ́mbà tó ní díjíìtì mílíọ̀nù lọ́nà ogójì ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Àṣìṣe kan ṣoṣo níbikíbi, àní bí òdo kan ṣe yí padà di ení nínú ẹ̀rọ, ti bà gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Kí ló dé tí a kì í fi nọ́mbà mìíràn ṣe é? Ọ̀kan tó dín yẹn náà ni. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti mọ̀ bóyá 9 lè pín nọ́mbà kan: kí a ro àwọn díjíìtì rẹ̀ pọ̀. 4,572 jẹ́ 4 àti 5 àti 7 àti 2, ìyẹn 18, nítorí náà 9 pín in. Ohun tó mú kó rọrùn ni pé 9 jẹ́ 10 tó dín kan. Bí ẹ̀rọ tó ń fi 2 kà ṣe ń rí nọ́mbà Mersenne nìyẹn. Ó máa gé nọ́mbà ńlá náà sí méjì, ó ro apá méjèèjì pọ̀, pínpín ti parí. Bí a bá mú nọ́mbà mìíràn tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ láìní ìrísí yìí, iṣẹ́ náà máa pọ̀ kọjá ààlà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó wà lókè pátápátá nínú nọ́mbà àìṣeépín tí a mọ̀ fi máa ń jẹ́ ti Mersenne ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Iṣẹ́ àjọṣe

Ní ọdún 1996, George Woltman ní Amẹ́ríkà dá GIMPS sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó ń wá nọ́mbà Mersenne àìṣeépín. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè gba ètò wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá wà láìṣiṣẹ́, ètò náà á máa yẹ nọ́mbà tí wọ́n pín fún un wò. Àwọn olùkọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ ìjọ, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, gbogbo wọn ló ń dá ọwọ́ jọ bíi àáró. Nọ́mbà Mersenne àìṣeépín 18 ni wọ́n ti rí. Èyí tó ṣáájú ti Durant, Patrick Laroche ló rí i ní ìlú Ocala ní Florida ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Díjíìtì 24,862,048 ni tirẹ̀ ní. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó rí òmíràn.

Durant kò lo kọ̀ǹpútà ilé. Ó háyà ẹ̀rọ GPU, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ẹ̀rọ onílàákàyè àtọwọ́dá lóde òní, káàkiri agbègbè 24 ní orílẹ̀-èdè 17. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá, ọ̀kan nínú wọn tó wà ní Dublin ní ilẹ̀ Ireland kọ́kọ́ ní ó jọ pé òun ti rí ọ̀kan. Lọ́jọ́ kejì, òmíràn ní San Antonio ní Texas fi ọ̀nà Lucas àti Lehmer fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn tún fi ètò mìíràn lórí ẹ̀rọ mìíràn ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ayé gbọ́. Ẹ̀bùn 3,000 dọ́là ló tọ́ sí i, ó sì ní òun máa fi ta iléèwé Alabama School of Mathematics and Science lọ́rẹ.

Inú mi kò dùn tán sí apá kan nínú ìtàn yìí. Fún ọdún 28, kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì ẹni ló ń rí àwọn nọ́mbà ńláńlá wọ̀nyí. Tálákà tó ní sùúrù ní ànfààní kan náà pẹ̀lú olówó. Ní báyìí, ẹni tó lè san owó ẹ̀rọ púpọ̀ ló máa ń ṣáájú. Ohun tó tù mí nínú ni pé ètò tí Durant lò, ọwọ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ti jáde, gbogbo ènìyàn ló sì lè gbà á.

Ọ̀rọ̀ báǹkì yẹn

Òótọ́ ni pé nọ́mbà àìṣeépín wà nínú àgádágodo tó ń ti ọ̀rọ̀ àṣírí pa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ron Rivest, Adi Shamir àti Leonard Adleman ló gbé ọ̀nà náà jáde ní ọdún 1977. Ẹ mú nọ́mbà àìṣeépín méjì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀. Ẹ lè gbé èsì rẹ̀ síta kí gbogbo ayé rí i. Láti tú u padà sí méjì ló ṣòro. Àmọ́ nọ́mbà tí wọ́n sábà ń lò kì í ju nǹkan bíi díjíìtì 308 lọ, ẹ̀rọ náà ló sì ń ṣa tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ìwọ̀n yẹn, bíi ọ̀kan nínú 700 nọ́mbà ló máa ń jẹ́ àìṣeépín, torí náà ìṣẹ́jú àáyá kan kò tó kí ó tó rí ọ̀kan. Ní ìwọ̀n nọ́mbà Durant, bíi ọ̀kan nínú mílíọ̀nù 94 ni. Pabanbarì rẹ̀ ni pé gbogbo ayé ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ta ló ń fi kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo àdúgbò ní ẹ̀dà rẹ̀ tilẹ̀kùn?

Kì í ṣe pé wíwá wọn kò wúlò. Ní ọdún 1994, Thomas Nicely, olùkọ́ ní Lynchburg College ní Virginia, ń ṣe ìṣirò lórí ìbejì, ìyẹn nọ́mbà àìṣeépín méjì tí 2 pín níyà bíi 11 àti 13, nígbà tó rí i pé ẹ̀rọ Pentium ti iléeṣẹ́ Intel ń ṣi nǹkan pín. 475 mílíọ̀nù dọ́là ni Intel yà sọ́tọ̀ láti fi tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ní ọdún 2016, ètò GIMPS kan náà ló tú àbùkù kan síta nínú ẹ̀rọ Skylake tí iléeṣẹ́ yìí ṣe. Àṣìṣe tó lè farapamọ́ nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò lè farapamọ́ nínú ìṣirò tí òdo kan kò gbọ́dọ̀ ṣì.

Àmọ́ ká tilẹ̀ sọ pé kò wúlò fún nǹkankan, mo ṣì máa fẹ́ kí wọ́n wá a, nítorí ohun mìíràn tó so mọ́ ọn. Ẹ wo 6: àwọn tó kéré sí i tó pín in ni 1, 2 àti 3, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 6. 28 náà rí bẹ́ẹ̀: 1, 2, 4, 7 àti 14. Ó pé pérépéré. Ní nǹkan bí 2,300 ọdún sẹ́yìn, Euclid, onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Gíríìkì, fi hàn pé nọ́mbà Mersenne àìṣeépín kọ̀ọ̀kan ló máa ń bí irú nọ́mbà pípé bẹ́ẹ̀ kan: 3 lọ́nà 2, 7 lọ́nà 4, 31 lọ́nà 16 tó jẹ́ 496. Leonhard Euler wá fi hàn lẹ́yìn náà pé gbogbo nọ́mbà pípé tí 2 lè pín, ọ̀nà yìí ló gbà wá sáyé. Ọjọ́ tí Durant rí tirẹ̀, nọ́mbà pípé tuntun kan bá a wọlé, díjíìtì 82,048,640. Nínú èyí tí 2 kò lè pín, ẹnikẹ́ni kò tíì rí ẹyọ kan, kò sì sí ẹni tó tíì fi hàn pé kò sí.

Euclid kan náà ló sọ pé nọ́mbà àìṣeépín kò lópin. Ẹ kó gbogbo èyí tí ẹ mọ̀, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ fi ọ̀kan lé e. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn tí ẹ kó jọ tó lè pín èsì náà, ọ̀kan ni yóò máa ṣẹ́ kù nígbà gbogbo. 2, 3, 5, 7, 11 àti 13 máa fún yín ní 30,030. Fi ọ̀kan lé e, 30,031 jẹ́ 59 lọ́nà 509, méjì tí kò sí nínú àwọn tí ẹ kó. Àwọn tuntun máa ń wà síbẹ̀ láìkù. Ti Mersenne ni kò tíì sí ẹni tó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ bóyá wọ́n lópin.

Ẹ̀bùn 150,000 dọ́là ti Electronic Frontier Foundation, àjọ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ rí èyí tó ní díjíìtì ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ojú gbogbo ènìyàn wà lókè. Àmọ́ ẹ kíyèsí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: nọ́mbà Durant ni “ìkejìléláàádọ́ta tí a mọ̀”. Wọn kò kọ ọ́ pé òun ni ìkejìléláàádọ́ta gan-an, torí wọn kò tíì yẹ gbogbo èyí tó kéré sí i wò tán lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọdún 1983 ni wọ́n rí èyí tí a ṣe ìlọ́po méjì rẹ̀ nígbà 132,049, ní ọdún 1985 ni wọ́n rí ti 216,091. Lẹ́yìn méjèèjì, ní oṣù Kìíní ọdún 1988, ni àwọn kan tó wo ẹ̀yìn wò rí ti 110,503, tó ti wà nísàlẹ̀ wọn láti ọjọ́ yìí wá.